Igi Tí Ó Di Àga: Ǹjẹ́ Ó Ti Kú?

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá bá da eruku bo òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ètè ọmọ aráyé ń bó, tí gìgísẹ̀ àgbàlagbà sì ń sán, ara ènìyàn nìkan kọ́ ni ó máa ń mọ̀ pé ìgbà ti yí padà. Ní ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí ilé ti pa lọ́lọ́, kọ́bọ́ọ̀dù onígi tí ó ti wà ní kọ̀rọ̀ yàrá láti ìgbà ìgbéyàwó baálé ilé yóò ṣàdédé dún kàà! Ọmọdé yóò ta jí, yóò sì bèèrè ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ìyá àgbà tí ó gbọ́ ìró náà lè sọ pé èkúté ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ẹni àdúrà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ilé. Ṣùgbọ́n bí káfíntà bá wà nínú agbo ilé náà, ohun tí yóò wí kò ní ju pé igi ń gbẹ, kí wọ́n jàre padà sùn. Káfíntà ni mo gbà gbọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ìdáhùn tirẹ̀ gan-an ni ó gbé ìbéèrè tí ó le jù dìde: igi tí a ti gé láti ọgbọ̀n ọdún, tí a ti là, tí a ti fá, tí a ti kàn ní ìṣó, tí a ti fi pólíṣì dán títí ojú ẹni fi ń hàn nínú rẹ̀, báwo ni ó ṣe tún kù tí yóò máa gbẹ? Kí ni ó ti ń ṣe nínú òkùnkùn yàrá láti ọjọ́ yìí wá? Ǹjẹ́ igi tí ó di àga ti kú ní tòótọ́?

Ẹni tí ó bá rò pé ìbéèrè ọ̀lẹ ni èyí, kí ó rántí pé àwọn baba wa kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìrókò, ọba igi, àgbà igbó tí Olúwéré ń gbé inú rẹ̀, ẹbọ ni ó ń gbà kí ó tó gba àáké; ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ìgbà tí ìrókò wà ní kékeré ni à ń ṣẹ́ ẹ, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Igi àyàn ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ nítorí Ṣàngó, Olúkòso. Gbẹ́nàgbẹ́nà a sì máa júbà Ògún Lákáayé, ẹni tí ó ni irin tí ó sì ni iṣẹ́, kí ó tó dá àáké sí ìtì ọ̀mọ̀ tàbí ti apá. Àwọn àgbà onílù kan tilẹ̀ gbà pé igi tí ó hù sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ó dára jù fún ìlù, nítorí pé irú igi bẹ́ẹ̀ ti gbọ́ ohùn èrò fún ọdún púpọ̀, ó ti mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ kí a tó gbẹ́ ẹ. Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó wà lábẹ́ èrò yìí: ohun tí igi gbọ́ nígbà tí ó wà lórí ìdúró kò bá ewé rẹ̀ rọ, ó kù sínú ìtì, ó sì di ohùn ìlù. Òwe tí a ń pa pé bí a bá ń gé igi nínú igbó kí a máa fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò, ọ̀rọ̀ nípa ọmọnìkejì ẹni nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń kà á sí, bí ẹni pé a kàn ya igi inú rẹ̀ lò ni. Mo rò pé ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á ní igi gidi lọ́kàn pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kí a tó lọ bá àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń bá igi ṣe lójoojúmọ́. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kún fún omi. Òmíràn wà tí omi inú rẹ̀ wúwo ju igi náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni omi yìí sì gbà ń gbé inú igi. Apá kan wà nínú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò dé ewé. Apá kejì ti wọnú ara igi, ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri àwọn ihò náà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè yà wọ́n. Omi inú ihò ni ó kọ́kọ́ ń lọ, bí ó sì ti ń lọ, igi ń fúyẹ́ ṣùgbọ́n kò kéré sí bí ó ti wà. Nígbà tí omi bá kù bí 30 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ ni ti inú ara wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí omi yìí ti ń kúrò ni igi ń súnkì.

A máa ń sọ pé igi gbẹ, ṣùgbọ́n kò sí igi tí ń gbẹ tán níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń kàn án. Bí afẹ́fẹ́ bá rin, igi a mu nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, igi a dá ohun tí ó mu padà. Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn, igi inú ilé sì wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ ń jẹ́rìí sí i. Ní Èkó, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì ju 90 nínú 100 lọ láti òwúrọ̀, pákó tí ó wà nínú ilé lè mu omi títí yóò fi sún mọ́ 20 nínú 100 ìwúwo rẹ̀. Bí a bá gbé pákó kan náà lọ sí Ṣakí nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ọyẹ́ mú kí ọ̀rinrin wálẹ̀ sí 30, yóò máa tú omi rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kù bí 6. Bí ó bá jẹ́ pé bákan náà ni igi ń súnkì ní gbogbo ọ̀nà ni, iṣẹ́ káfíntà ì bá rọrùn. Gígùn rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. Ìbú rẹ̀ ni ó ń yí, èyí tí ó yí ọkàn igi po a sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ó ti ọkàn igi jáde lọ sí èèpo. Nítorí ìyàtọ̀ yìí ni pákó fi ń wọ́, tí ojú tábìlì ń tẹ̀ kòtò, tí ère tí a fi odidi ìtì gbẹ́ sì ń là láti ara lọ sí ọkàn. Ìrókò wà lára àwọn igi tí ara wọn balẹ̀ jù, síbẹ̀ ojú tábìlì ìrókò tí ìbú rẹ̀ tó mítà 1 lè fi bí sẹ̀ntímítà 1 yàtọ̀ láàárín àárín gbùngbùn òjò àti àárín gbùngbùn ọyẹ́.

Èyí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí dúrọ́ọ̀ tí kò ṣeé fà jáde nínú oṣù Òkúdù, tí ó sì ń yọ́ bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú oṣù Èrèlé. Èyí náà ni ó ń ṣe ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó há ní àsìkò òjò, tí àwọn àgbà ìjọ ṣe ìpàdé lé lórí, tí wọ́n sì ní kí a fá etí rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, alángbá yóò máa gba àlàfo rẹ̀ wọlé sìn.

Ẹni tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí, tí ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ràn ìyanu, yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí: ohun tí ń mu, tí ń tú jáde, tí ń wú, tí ń súnkì, tí ó sì ń dún lóru, ohun ààyè ni. Èmi náà ì bá fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí yóò dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò fi àyè gbà á. Awọ ewúrẹ́ tí a fi bo gángan náà mọ ìgbà òjò yàtọ̀ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bẹ́ẹ̀ tí onílù fi ń sá ìlù rẹ̀ sóòrùn kí ohùn rẹ̀ lè já gaara, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ewúrẹ́ náà ṣì wà láàyè. Owú ń rin. Ilá gbígbẹ ń rin. Òùngbẹ kò tó ẹ̀rí ìyè.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, òun ni ó sì yà mí lẹ́nu jù nínú ohun gbogbo tí mo mọ̀ nípa igi. Bí a bá gé ìrókò tí ó ti dàgbà, a óò rí i pé ara rẹ̀ pín sí méjì: ìta tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tí omi ń gbà kọjá, àti inú tí ó dúdú, tí ó le, tí ikán kì í tètè rí ṣe. Inú yìí ni àwa ń wá. Òun ni à ń fi ṣe ìlẹ̀kùn àti àga. Òun náà ni ó sì ti kú tipẹ́tipẹ́ kí àáké tó kan igi náà. Igi dúró, ó ń wọ́wé, ó ń rúwé, àwọn ènìyàn ń fi epo àti obì bọ Olúwéré inú rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí ó gbé e ró lójú ìjì, apá tí ó mú kí a máa pè é ní ọba igi, òkú ni. Ìyè rẹ̀ wà ní ewé, ní gbòǹgbò, àti ní ibi tí ó sún mọ́ èèpo. Nígbà wo gan-an, nígbà náà, ni igi kú? Àáké kọ́ ni ó pa ohun tí a fi ṣe àga. Ó bá òkú ìgbà pípẹ́ níbẹ̀ ni, ó sì gbé e kúrò láàárín àwọn alààyè tí ó ń gbé ró.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tèmi gúnlẹ̀ sí. Ẹ̀mí àti ìwà kì í jùmọ̀ kúrò lára nǹkan. Ẹ̀mí igi lọ, ìwà igi kù. Ẹni tí ó mọ igi nínú igbó lè mọ̀ wọ́n nínú yàrá bí a tilẹ̀ kun gbogbo wọn ní àwọ̀ kan: arère, tí ó fúyẹ́, tí ó rọ̀ lábẹ́ ayùn, tí kòkòrò sì ń tètè jẹ, ọ̀gànwó, tí ó pupa, tí pólíṣì ń fẹ́, apá, tí ó wúwo, tí òjò àti ọyẹ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Kò sí èyí tí ó gbàgbé ibi tí ó ti wá nítorí pé a sọ ọ́ di tábìlì. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń rò pé ohun tí kò ní ẹ̀mí kò lè ní ìwà, àti pé ohun tí kò lè sunkún kò lè ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni. A kò sì gbà bẹ́ẹ̀ nípa àwọn òkú tiwa. Baálé a máa kú, kí ìwà rẹ̀ máa darí agbo ilé fún ìran mẹ́ta: oúnjẹ tí wọn kì í jẹ, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kí àlejò, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà. Ẹni tí ó bá ní kí a ṣe bí ẹni pé ọkùnrin náà kò gbélé ayé rí nítorí pé ó ti kú, ilé yóò dà rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ìwé mímọ́ tí ó ti wọ ilé wa kò fi ohùn kan dáhùn. Jóòbù, nínú orí 14 ìwé rẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jowú igi: ó ní bí a tilẹ̀ gé igi lulẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ gbó sínú ilẹ̀, òórùn omi nìkan tó láti mú kí ó tún rúwé, ṣùgbọ́n ènìyàn ní tirẹ̀ a kú, a sì lọ. Kùkùté ni Jóòbù ń sọ o. Kò sọ ti ìtì tí a gbé lọ. Ọ̀pá Áárónì ni ìtì tí ó rúwé, tí ó tanná, tí ó sì so èso álímọ́ńdì mọ́jú ọjọ́ kan, iṣẹ́ ìyanu sì ni a kà á sí nítorí pé gbogbo Ísírẹ́lì mọ̀ pé ọ̀pá kì í rúwé. Àìsáyà, nínú orí 44, fi ẹni tí ó gé igi kan ṣe ẹlẹ́yà: ó fi ìlàjì dáná, ó sun ẹran jẹ, ó yáná, ó wá fi ìyókù gbẹ́ òrìṣà, ó sì ń wólẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ oníwàásù ni ó ti fi orí ìwé yìí na àwọn baba wa ní pàṣán, a sì ti tìtorí rẹ̀ dáná sun ère tí ì bá máa kọ́ wa lọ́gbọ́n lónìí. Èmi gbà pé wòlíì náà tọ̀nà nínú ohun tí ó ń sọ, pé ẹni tí ó ń bẹ ìtì igi fún ìgbàlà ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí ó ti sọ pé ìtì náà kò jẹ́ nǹkan kan. Ọlọ́run kan náà tí ó rán an níṣẹ́ ni ó yan igi ṣittimu fún àpótí ẹ̀rí nínú aginjù, igi ilẹ̀ gbígbẹ fún iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, tí ó sì pàṣẹ kí a fi wúrà bò ó ní inú àti ní òde. Káfíntà tí ó bá ti fi fáníìṣì kun ojú kan pákó rí, tí ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lásán, tí ó sì padà wá bá a tí ó ti tẹ̀ kọdọrọ, yóò ka ẹsẹ yẹn pẹ̀lú adùn tí àlùfáà kò lè mọ̀.

Ìtàn tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù wà lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Nínú hàdíìsì tí Bukhari kó jọ ni ó wà pé ní Mọ̀dínà, ìtì ọ̀pẹ déètì kan ni Ànábì Muhammad máa ń dúró tì bí ó bá ń wàásù ní ọjọ́ Jímọ̀; nígbà tí a wá ṣe mímbárì fún un, tí ó sì gun orí rẹ̀, ìtì náà ké, àwọn tí ó wà ní mọ́sálásí sì gbọ́ igbe rẹ̀, títí Ànábì fi sọ̀kalẹ̀ tí ó gbé ọwọ́ lé e, tí ó fi dákẹ́. N kò ní fi ojú ọjọ́ túmọ̀ ìtàn yìí. Ẹni tí ó gbà á gbọ́ kò nílò irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sì gbà á gbọ́ kò ní tìtorí rẹ̀ gbà á. Ohun tí mo ń wò ni ìṣe ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀. Kò bá ìtì wí pé òkú kì í ké. Kò sì wólẹ̀ fún un. Ó fún un ní ohun tí ó tọ́ sí i, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ń sin igi wà ní ọ̀tún, ẹni tí ń fi agbára kan igi mọ́lẹ̀ wà ní òsì, ọ̀nà tí ó gba àárín wọn kọjá nìyí.

Kí wá ni ó tọ́ sí igi? Àyè ni. Káfíntà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá igi jà lórí bóyá kí ó wú tàbí kí ó súnkì, nítorí kò sí ẹni tí ó ja ìjà yẹn rí tí ó borí. Ẹ wo ìlẹ̀kùn onípánẹ́ẹ̀lì, irú èyí tí àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé fi sí ilé wọn ní ìsàlẹ̀ Èkó. Férémù rẹ̀ ni a dì pọ̀ ṣinṣin, tí a ki ẹnu igi kan bọ inú ihò èkejì tí a sì fi gúlù dè é. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàárín rẹ̀ kò ní gúlù, kò ní ìṣó, inú yàrà tóóró tí a gbẹ́ sí ara férémù ni a fi í sí, a sì fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Nígbà òjò yóò fẹ̀ sínú yàrà rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ yóò sún kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Ìlẹ̀kùn yóò sì wà ní ìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní etí pánẹ́ẹ̀lì tí pólíṣì kò dé, nítorí pé inú yàrà ni ó wà ní ọjọ́ tí a kùn ún. Ìlà yẹn ni ó fi hàn pé káfíntà náà kò ṣe ìmẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá fi gúlù lẹ pánẹ́ẹ̀lì mọ́ férémù yíká, tí ó sì tún fi ìṣó gbá a, ohun méjì ni ó ń dúró dè é: bí igi bá fẹ́ súnkì tí a kò jẹ́ kí ó sún, yóò la ara rẹ̀ sí méjì; bí ó bá fẹ́ wú tí a kò jẹ́ kí ó wú, yóò ti férémù ya.

N kò sọ pé kí a fi igi sílẹ̀ láìdè. Yàrà náà ń dì í mú. Pánẹ́ẹ̀lì tí kò sí nínú yàrà, pákó tí ó ṣubú ni. Ṣùgbọ́n ìdè kan wà tí ó mọ ohun tí ó dè, ìdè mìíràn sì wà tí kò mọ̀ ọ́n, inú ọyẹ́ ni a sì ti ń mọ ìyàtọ̀ wọn. Mo máa ń rò ó pé àwọn tí ń ṣe òfin ìjọ, àti àwọn tí ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ì bá jókòó ní ìsọ̀ káfíntà fún ìgbà díẹ̀. Pólíṣì pẹ̀lú, tí gbogbo wa gbójú lé, kò lè ju kí ó fa ọwọ́ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn; kò sí fáníìṣì tí ń sé igi mọ́ afẹ́fẹ́ pátápátá. Omi yóò wọlé, yóò sì jáde, kìkì pé yóò rọra rìn.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni ìkánjú. Àwọn káfíntà àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣírò ọdún kan fún íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí pákó bá nípọn, kí wọ́n tó fi ayùn kàn án. Pákó yóò wà ní ìtòjọ lábẹ́ ibòji, igi tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tiwa gbóná, kò sì yẹ kí ó gbà tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi tí ó ti orí omi ọ̀sà wọ sọ́míìlì ní Èkó, tí a là ní ọjọ́ Ajé, tí ó di ibùsùn ìyàwó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ta ni yóò bá wí nígbà tí ibùsùn bá ń ké lábẹ́ tọkọtaya? Àwọn kan nínú wa tún wá fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un. Yàrá tí a sé, tí ẹ̀rọ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ dànù ní ọ̀sán, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì lọ ní òru tí ọ̀rinrin padà dé, ọyẹ́ àti òjò ni a kó sínú ọjọ́ kan ṣoṣo fún igi inú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ó gbé àga láti ilé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń rí irú rẹ̀: ìgbà òtútù dé, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlégbóná, afẹ́fẹ́ inú ilé gbẹ bí ti Ṣẹ́rẹ́ ní Ṣakí, àga sì là.

Igi mìíràn wà tí ó rin ìrìnàjò yẹn tí kò là, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣòro fún mi ju ti èyí tí ó là lọ. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, ọpọ́n Ifá kan wà tí ó ti etíkun tí ó di ilẹ̀ Benin lónìí lọ, tí a ti kọ sínú ìwé àkójọ Christoph Weickmann láti 1659. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà, gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914 fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ńlá ti 1924 ní Wembley, kò sì padà wálé mọ́. British Museum gbà á, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọba. Kí a sọ òtítọ́: bí wọ́n bá wà nílé, ó ṣeé ṣe kí a má rí wọn mọ́ lónìí. Ikán kò mọ ọba, kò mọ wòlíì. Àlùkùránì pàápàá sọ bí Ànábì Sùlèímọ́nù ti kú sórí ìdúró tí àwọn àlùjọ̀nnú kò mọ̀, títí kòkòrò ilẹ̀ fi jẹ ọ̀pá tí ó fi ara tì. Àwọn baba wa mọ èyí, nítorí náà wọn kò retí pé kí ère wà títí láé. Bí ti àtijọ́ bá ti jẹrà, wọ́n á gbẹ́ tuntun. Èyí tí ó bá sì wà, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fi osùn àti òróró pa á, gẹ́gẹ́ bí ìyá ìbejì ti ń ṣe sí ère ọmọ rẹ̀ tí ó lọ, títí ojú ère yóò fi rẹ́ tán nítorí ìtọ́jú. Ìfẹ́ ọmọ ni ó mú un ṣe é, ṣùgbọ́n òróró náà ń dáàbò bo igi lọ́wọ́ ọyẹ́.

Àwọn olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a máa sapá kí ọ̀rinrin inú gbọ̀ngàn wọn má ròkè má rodò, kí igi lè sinmi. Ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ kò mọ òjò mọ́, kò mọ ọyẹ́, kò sì sí ọba tí ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà ni ó kù lára igi lẹ́yìn tí ẹ̀mí lọ, tí ìwà náà sì ni kí ó máa dá ìgbà lóhùn, ṣé àlàáfíà ni a fún un níbẹ̀ ni, àbí a ti mú ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún un kúrò? N kò lè sọ pé kí wọ́n gbé e síta fún ikán. N kò sì lè dúró níwájú irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kí n má ronú pé èyí tí alángbá ń gba àlàfo rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe iṣẹ́ ìlẹ̀kùn jù ú lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ káfíntà tí ó gba ìwà igi gbọ́, inú ọyẹ́ ni kí ẹ lọ ra kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ rẹ̀ yóò máa mì nínú ihò rẹ̀, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ yóò sì wà lókè rẹ̀ tí ojú lè rí. Oníbàárà a fajú ro, a ní ṣé iṣẹ́ tí òun fi owó gọbọi ṣe nìyí. Káfíntà á ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Igi yẹn ò tíì mumi ni. Ẹ jẹ́ kó rí òjò ọdún yìí ná. Tó bá di oṣù Agẹmọ tí àlàfo yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà wá, màá dá owó yín padà.” Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í gbà. Wọ́n á kọjá sí ìsọ̀ kejì, níbi tí dúrọ́ọ̀ ti ṣe rẹ́gí, tí kò sí àlàfo kankan, wọ́n á sì sanwó níbẹ̀.